Orin Tí Moríkẹ́ Fi Ránṣẹ́ sí Bọ́mà

"Ẹ wò ó dáadáa!" Olówòkéré gbé rédíò onígi náà lé orí òkìtì àwọ̀n bí ẹni gbé ọba gorí ìtẹ́. "Bàbá tó bí bàbá mi ló gba nǹkan yìí lọ́wọ́ ọ̀gágun àwọn ará Japan ní Bọ́mà, nígbà ogun Hítílà. Ẹ má bi mí léèrè ìbọn. Abọ́ ìjẹun ló fi lù wọ́n! Abọ́ pánnù kan ṣoṣo, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ ogun! Nígbà tí ogun parí, òyìnbó ní kó wọ ọkọ̀ padà wálé, ó ní ọkọ̀ òyìnbó ń fà jù. Ó gbé rédíò yìí rù, ó wẹ òkun láti Bọ́mà dé Abereke wa níbí fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, omi kò ta sí i lára. Títí di òní olónìí, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, àwọn ọmọ ogun ṣì ń kọrin nínú rẹ̀, òkú wọn àti alààyè wọn."

Ẹ̀rín bú jáde nínú ahéré tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Godspower, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó èrò lọ sí Igbókọ̀dá, rẹ́rìn-ín títí omijé fi kán sínú gààrì tó ń mu.

"Olówò, orin wo làwọn òkú ń kọ? Fújì àbí jùjú?"

"Fújì bàbá ta ni? Orin ilé ni. Òyìnbó mọ̀ pé ọmọ ogun tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sílé, igi ọ̀pẹ ni yóò máa yìnbọn lù. Ló ṣe gbé rédíò lọ bá wọn nínú igbó. Ìyá á sọ̀rọ̀ níhìn-ín, ọmọ á gbọ́ ọ ní Bọ́mà. Bàbá mi àgbà ló ń yí bọ́tìnnì."

"Bàbá kan náà tó ń fi abọ́ lu èèyàn?"

"Ọwọ́ kan ló fi ń lù wọ́n, ó ń fi èkejì yí bọ́tìnnì. Ìwọ ọwọ́ mélòó lo ní, tó o fi fi àjẹ̀ ọkọ̀ rẹ dáná sun ẹja lọ́dún tó kọjá?"

"Kí ni mo fẹ́ fi àjẹ̀ ṣe? Ẹ̀ńjìnnì alágbára ẹṣin ogójì ni mo ní, n kò ní apá ìyà."

Irọ́ Olówòkéré ga ju iná epo tó ń jó lójú òkun níwájú Awoye lọ. Ọkọ̀ tó bá sọnù nínú ìkùukùu lè fi irọ́ náà mọ ọ̀nà èbúté. Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ àti fóònù ló ń tún ṣe, ìwé márùn-ún ló kà kó tó bá ojú fèrèsé jáde kúrò ní iléèwé, ẹnu rẹ̀ sì ti jẹ oyè tí ìwé kò fún un. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mọ bí rédíò ṣe dé ọwọ́ òun. Lọ́jọ́ tí òkun ya lu ilé míṣọ́n àtijọ́ ní Awoye, tó kó àga, ògiri àti agogo lọ, rédíò náà ló léfòó wá bá a létí omi. Kò sí wáyà nínú rẹ̀, kò sí bátìrì. Akàn mẹ́ta ló ń gbé ibẹ̀ láìsan owó ilé.

Ohun kan wà tí kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti ń sá rédíò náà sóòrùn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbẹ kanrankanran. Bí ilẹ̀ bá mọ́, inú rẹ̀ á tún tutù, omi iyọ̀ á máa kán láti ibi tí ohùn ti ń jáde, bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lábẹ́ omi. Àwọn akàn náà sì ti kó jáde. Wọn kò padà mọ́.

Ẹ̀rín kò tíì tán nígbà tí Happiness, ọmọ-ọmọ Màmá Moríkẹ́, yọ lórí afárá pákó.

"Bùrọ̀dá Olówòkéré, Màmá ń pè yín. Wọ́n ní kí ẹ gbé rédíò náà dání."

Ilé Màmá Moríkẹ́ nìkan ló kù nínú gbogbo ìlà tó kọjú sí òkun. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni màmá náà ti lò láyé, òkun sì ti jẹ yàrá mẹ́ta nínú ilé rẹ̀ bí ẹni ń jẹ púpurú, òkèlè kan lọ́dún kan. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣì wà níbẹ̀, ilé ìdáná ni kò sí. Ẹni tó bá ṣìnà gba ibẹ̀ lọ bu iyọ̀, Brazil ni yóò ti bá ara rẹ̀.

Màmá ní kó gbé rédíò sórí àpótí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Mo gbọ́ ohun tó o sọ lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ gbé e wá. O ní ilé ń sọ̀rọ̀, àwọn tó wà ní Bọ́mà ń gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ṣùgbọ́n..."

"Dákẹ́, òótọ́ ni. Èmi náà sọ̀rọ̀." Ó jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi, Akínbọ̀dé, lọ sí ogun yẹn. Èmi àti òun la jọ ń wa ọkọ̀ lọ wo ìgèrè ẹja, òun lẹ́yìn nídìí ọkọ̀, èmi níwájú lórí ọkọ̀. Mo ti di ọmọ ọdún méje nígbà tí òyìnbó kan dé Òkìtìpupa pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn èèyàn sára àwo dúdú. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní èèyàn ní Bọ́mà wá kí i. Odindi ọjọ́ kan la fi wa ọkọ̀. Nígbà tó kan ìyá mi, ẹkún ni, kò lè sọ nǹkan kan. Wọ́n tì mí síwájú ẹ̀rọ, mo kọ orin ọkọ̀ wa. Òyìnbó ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbọ́ ọ."

"Wọ́n sì gbọ́ ọ, Màmá?"

"Òun ni mo ń bi ọ́. Lẹ́tà dé pé Akínbọ̀dé kò ní padà wá mọ́. Wọn kò kọ ọjọ́ tó kú sínú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ orin mi kó tó lọ, àbí igbó lásán ni mo kọrin fún." Ó gbé ojú sókè. Ojú náà kò rẹ́rìn-ín rárá. "Bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú àpótí rẹ yìí. Bó bá gbọ́ mi, mo ṣe tán, kí Happiness máa gbé mi lọ sí ibi tó bá wù ú. Bí kò bá gbọ́ mi, mi ò kúrò nínú ilé yìí. Ibí ló mọ̀. Ibí ni yóò bá mi."

Nígbà tí wọ́n jáde, Happiness fa apá aṣọ Olówòkéré.

"Ẹ ti rí ohun tí ẹ fi ẹnu yín ṣe? Lánàá ni Màmá gbà pé àwọn á bá mi lọ sí Igbókọ̀dá. Oṣù méjì ni mo fi bẹ̀ wọ́n! Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni omi ńlá yóò kún, gbogbo èèyàn mọ̀ pé ilé yìí kò ní rí ìrọ̀lẹ́. Bí Màmá bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ pa wọ́n."

Olówòkéré la ẹnu láti sọ pé irọ́ ni, pé kò sí nǹkan kan nínú àpótí náà. Ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ohun tó bọ́ síta ni: "Happiness, fọkàn balẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn, abọ́ kan la jọ ń jẹ."

Ó padà wọlé, ó ní kí Màmá kọ orin náà kí òun lè mọ̀ ọ́n bí òun bá gbọ́ ọ. Màmá fi ohùn wẹ́rẹ́ kọ ọ́:

*Omi ń lọ, omi ń bọ̀ o...*

Ó dákẹ́ díẹ̀.

*Ìgèrè mi wà lókè...*

Ó tún dákẹ́.

*Ẹ̀gbọ́n mi, má sùn o...*

Ó dákẹ́, kó tó parí rẹ̀: *Ilé là ń lọ.*

Àánú ṣe Olówòkéré. Òkun jẹ ilé màmá, ọjọ́ orí sì ń jẹ èémí rẹ̀, orin ẹsẹ mẹ́rin péré, kò lè kọ ọ́ láìsinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi sọ́kàn pé ohun tó bàjẹ́ nínú orin náà, òun yóò tún un ṣe. Iṣẹ́ òun kúkú ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó wọ inú táńkì omi òfìfo kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, kí ohùn òun lè dún bí ohùn tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó fi aṣọ bo ẹnu, ó tan fóònù. Ó kọ́kọ́ rọ́ ọ̀rá létí fóònù kó lè máa dún *ṣáráṣárá* bí rédíò àtijọ́. Ó wá di imú, ó sọ òyìnbó tí òyìnbó kankan kò sọ rí láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà ó mú ohùn rẹ̀ nípọn, ó di Akínbọ̀dé. Ó kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ dáadáa, kò fi àyè ìsinmi kankan sílẹ̀. Ó dùn mọ́ òun alára. Ó ní bí wọ́n bá gbé e fún àwọn ọmọ ogun ní Bọ́mà lóòótọ́, wọn ì bá ti ju ìbọn sílẹ̀, kí wọ́n máa jó pẹ̀lú ọ̀tá.

Ó fi etí sí ohun tó gbà sílẹ̀. Orin wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lábẹ́ orin.

*Jàbù.*

Ó dá a padà, ó tún un gbọ́. *Jàbù.* Bí igi pẹlẹbẹ tó ń wọ omi. Ó wo ilẹ̀ táńkì. Ó gbẹ bí ẹ̀yìn ahọ́n aláàárẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ohùn náà tún wà níbẹ̀, kò sì bá orin mu. Ó ń bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀, ó ń bọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń táràrà kiri ara ilé, tó ń wá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti mọ pa.

"Òkun ni," ni Olówòkéré wí sókè kí táńkì lè gbọ́. "Òkun ló ń pariwo, ẹ̀gbẹ́ mi ni òkun wà."

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kọ ọ́ kí ohùn náà tó lọ. Kó tó jáde nínú táńkì, gbogbo ara rẹ̀ ti tutù bí ẹja inú yìnyín.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta dé. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n ìkùukùu ti òkun wá bo gbogbo nǹkan bí aṣọ funfun, èèyàn kò rí ju òpó afárá méjì lọ. Omi ti ń wọ inú ilé Màmá láti ojú ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ń lá ẹsẹ̀ àga. Godspower so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó iwájú ilé, ó pa ẹ̀ńjìnnì. Happiness ti kó ẹrù sínú rẹ̀: àpótí aṣọ, ẹní, ìkòkò, àti adìyẹ kan tó ń bínú.

Màmá Moríkẹ́ wọ aṣọ tó dára, ó wé gèlè. Ó jókòó níwájú rédíò tó wà lórí tábìlì, bí ẹni tó ń retí àlejò. Olówòkéré ti fi sìpíkà kékeré kan tí kò ní wáyà há inú rédíò, fóònù tó ń darí rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó yí bọ́tìnnì rédíò lásán, ó wá tẹ fóònù.

*Ṣáráṣárá.* Òyìnbó onímú dídì sọ tirẹ̀. Godspower kó ọrùn wọlé kó má bàa rẹ́rìn-ín.

Ohùn nípọn náà bẹ̀rẹ̀: "Moríkẹ́, àbúrò mi. Akínbọ̀dé ni. Nínú igbó Bọ́mà, ní ọjọ́ Ìsinmi, mo gbọ́ ọ. Gbogbo wa la gbọ́. Orin rẹ mú ilé wá bá mi. Máa bá ọmọ lọ, má dúró dè mí mọ́."

Omi dà lójú Màmá. Ó na ọwọ́, Happiness fà á dìde. Màmá gbé ẹsẹ̀ kan lé etí ọkọ̀. Olówòkéré mí kanlẹ̀. Ká ní ó tẹ fóònù pa lẹ́ẹ̀kan náà ni, ìtàn ì bá tán síbẹ̀, yóò sì ti fi kún irọ́ rẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn orin tó kọ. Ó jẹ́ kó máa lọ.

*Omi ń lọ omi ń bọ̀ o ìgèrè mi wà lókè ẹ̀gbọ́n mi má sùn o...*

Ẹsẹ̀ Màmá dúró.

"Pa á," ni ó wí.

"Màmá, kò tíì parí..."

"Mo ní kó o pa á."

Olówòkéré pa á. Ọwọ́ tó ki bọ àpò ni Màmá tẹjú mọ́. Ó yí padà, ó kúrò létí ọkọ̀, ó gbé rédíò, ó dà á dojú dé. Sìpíkà já bọ́ sórí tábìlì, ó ń tan iná búlúù ṣẹ́jú-ṣẹ́jú bí ojú olè.

Adìyẹ inú ọkọ̀ na ọrùn wò ó.

"Ẹni tó kọ orin yìí kò fọwọ́ kan àjẹ̀ rí," ni Màmá wí. Kò pariwo. "Ó rò pé èémí ni kò tó mi. Olówòkéré, ọmọ ẹ̀ńjìnnì, orin ọkọ̀ kì í ní elégbè. Àjẹ̀ ni elégbè rẹ̀. Ẹni tó wà lórí ọkọ̀ á kọ ẹsẹ kan, á dákẹ́, ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ á fi àjẹ̀ dá a lóhùn. Bí mo ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀rọ òyìnbó nìyẹn. Òyìnbó ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n má dákẹ́, ó rò pé mo gbàgbé. Mi ò dá a lóhùn. Àyè Akínbọ̀dé ni mo fi sílẹ̀. Bó bá gbọ́ mi, kò ní kọ orin kankan padà fún mi. Àjẹ̀ ni yóò fi dá mi lóhùn."

Ó padà jókòó sórí àga rẹ̀. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ máa lọ. Kò gbọ́ mi."

Happiness bú sẹ́kún. "Bùrọ̀dá! Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin tí ẹnu yín gùn tó báyìí!"

Olówòkéré kúnlẹ̀ sínú omi. Ó yọ fóònù, ó pa á pátápátá, ó gbé òun àti sìpíkà sórí orúnkún Màmá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, kò rí irọ́ kan sọ. "Ẹ dákun, Màmá. Èmi ni. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀, kí ẹ máa bú mi lọ lójú ọ̀nà."

Màmá kò wò ó. Ó ń wo ojú ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí ìkùukùu ti ń rọ́ wọlé. Ó la ẹnu, ó kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń fi ohun tó sọnù han ọmọdé:

*Omi ń lọ, omi ń bọ̀ o...*

Ó dákẹ́.

*Jàbù.*

Olówòkéré wo ọkọ̀. Godspower jókòó gbagidi, ẹnu rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Kò sí àjẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, wọ́n ti fi sun ẹja. Olówòkéré wo fóònù. Ó ti kú fin-ín-fin-ín lórí orúnkún Màmá.

*Ìgèrè mi wà lókè...*

*Jàbù.*

Inú rédíò ni. Inú àpótí òfìfo tó dojú dé lórí tábìlì. Ó sì bọ́ sí àyè rẹ̀ gẹ́ẹ́, bí ẹsẹ̀ tó wọ bàtà tó ti ń wọ̀ láti ọdún pípẹ́. Irun orí Olówòkéré dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n to lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ogun.

*Ẹ̀gbọ́n mi, má sùn o...*

Àyè tó fi sílẹ̀ níbí gùn. Happiness fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi òkun pàápàá dúró lójú ilẹ̀kùn, kò wọlé, kò padà.

*Jàbù.* Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ tó ti sún mọ́ èbúté tí awakọ̀ ń dẹ ọwọ́: *jàbù.*

"Ilé là ń lọ," ni Màmá Moríkẹ́ wí. Kò kọ ọ́ lórin. Ó sọ ọ́ ni. Ó dìde fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fà á, ó rìn nínú omi lọ síwájú ilé, ó bọ́ sínú ọkọ̀ Godspower, ó jókòó sí orí ọkọ̀ bí ọmọ ọdún méje. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Happiness, wọlé. Godspower, tan ẹ̀ńjìnnì rẹ." Ó wá yíjú sí Olówòkéré tó ṣì kúnlẹ̀. Ẹ̀rín kékeré kan wà létí ẹnu rẹ̀. "Ìwọ. Gbé rédíò náà wá."

Olówòkéré wo rédíò. Omi ń ti abẹ́ rẹ̀ sun jáde, ó ń ṣàn lórí tábìlì, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Èmi, Màmá?"

"Ta ni ìbá tún gbé e? Ṣebí bàbá rẹ àgbà ló gbé e rù láti Bọ́mà? Bàbá rẹ àgbà tí mo mọ̀, abẹ́ ọkọ̀ ìdojúdé ló sá sí ní Aráròmí lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó ọmọ ogun. Ọjọ́ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ló ń ti púpurú sí i lábẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀rù omi ń bà á títí ó fi kú, kò wẹ̀ ju inú agbada lọ. Gbé e wá, ọmọ akọni!"

*Jàbù,* ni rédíò wí láìsí ẹni tó kọrin sí i.

Olówòkéré fò dìde. Kò wo ọkọ̀, kò wo fóònù tó bọ́ sómi, kò wo bàtà rẹ̀ tó ń léfòó lọ. Ó gba orí afárá pákó bí ẹja ṣáwá tí yanyan ń lé, ó wọ inú ìkùukùu, gbogbo òpó afárá sì ń mì. Ohùn Godspower ń lé e lẹ́yìn: "Olówò! Ọmọ ọmọ ogun! Abọ́ ẹ dà? Abọ́ ẹ dà o?" Kò dáhùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu pákó *pà, pà, pà,* ó sì ń gbìyànjú kí ó sáré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní sí àyè fún àjẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ kan àti èkejì.